Orúkọ Tí Wọ́n Yá Ẹgbẹ́ Kan ní Yunifásítì Columbia

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé inú rògbòdìyàn Stonewall, tó bẹ́ sílẹ̀ nílùú New York lóṣù kẹfà ọdún 1969, ni gbogbo ìjà-fẹ́tọ̀ọ́ àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin àti obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin ti bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún méjì ṣáájú rẹ̀, ní ìlú kan náà, Yunifásítì Columbia ti fún ẹgbẹ́ wọn níwèé-àṣẹ. Student Homophile League ni orúkọ ẹgbẹ́ náà, òun sì ni irú rẹ̀ àkọ́kọ́ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ orílẹ̀-èdè náà.

Robert Martin, tó ń jẹ́ Stephen Donaldson láàárín àwọn ajìjàgbara, ló dá a sílẹ̀. Lọ́dún 1966, nígbà tí àwọn tó ń bá a gbélé mọ̀ pé ó ń fẹ́ ọkùnrin, wọ́n lọ ṣàròyé, ó sì di dandan kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ wọn.

Ìdíwọ́ ńlá kan wà. Yunifásítì ní ẹgbẹ́ tó bá ń fẹ́ ìwé-àṣẹ gbọ́dọ̀ mú orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wá. Ta ni yóò dá a láṣà? Títí di 1980 ni ìpínlẹ̀ New York fi ní òfin tó ka irú ìbálòpọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Títí di 1973 ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà fi kà á kún àìsàn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé yẹn ti fi iṣẹ́ ọ̀la rẹ̀ wewu, ó sì ti fi ojú òbí rẹ̀ wewu pẹ̀lú.

Donaldson wá tọ àwọn aṣíwájú akẹ́kọ̀ọ́ lọ, àwọn tí gbogbo ilé-ìwé mọ̀ dáadáa, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí a kọ orúkọ wọn sílẹ̀ bí ọmọ ẹgbẹ́. Wọ́n gbà. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Ohun tó sàn ju wúrà náà ni àwọn ọmọ wọ̀nyí yá ẹlòmíràn lò. Àwọn tí ẹ̀rù ń bà sì dúró síbi tí ojú kò tó wọn. John Cannon, àlùfáà yunifásítì náà, tì wọ́n lẹ́yìn. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin 1967, ìwé-àṣẹ jáde.

Nígbà tí New York Times gbé e sí ojú ìwé àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún, lẹ́tà ìbínú rọ́ dé bí òjò. Àwọn aláṣẹ kò gba ìwé-àṣẹ náà padà, ṣùgbọ́n wọ́n kìlọ̀ pé ẹgbẹ́ náà kò gbọdọ̀ ṣe àríyá.

Kò pẹ́ tí ìkìlọ̀ yẹn fi di ohun àná. Láti 1970 ni wọ́n ti ń jó ní Earl Hall, nínú ọgbà yunifásítì náà gan-an. Nítorí ijó yẹn àti ẹgbẹ́ yẹn ni ìjọba Amẹ́ríkà fi kọ ilé náà sínú ìwé àwọn ibi ìtàn lọ́dún 2018.