Ogun Nítorí Ìjọba Tiwa-n-tiwa ní Sàró: Ta Ni Wọ́n Bi Léèrè?

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Sójà, jagun ní Sàró, ìyẹn Sierra Leone. Nígbà tí mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n lọ jà fún, wọ́n ní, "Ìjọba tiwa-n-tiwa ni." Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa mí, mo gbé e mì. Ọdún 1997 ni wọ́n lọ, Ọ̀gágun Sani Abacha ló sì ń ṣèjọba lé wa lórí nígbà náà.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún yẹn ni àwọn sójà dìtẹ̀ lé Ààrẹ Ahmad Tejan Kabbah kúrò lórí oyè, tí Johnny Paul Koroma sì di olórí. Ọdún kan péré ṣáájú ni aráàlú dìbò yan Kabbah. Ní oṣù Kejì 1998, ọmọ ogun ECOMOG, tí Nàìjíríà ṣíwájú, lé àwọn afipágbàjọba náà kúrò ní Freetown. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta, Kabbah padà dé. Bàbá Sójà ní àwọn obìnrin ń jó tẹ̀lé ọkọ̀ àwọn. (Freetown kì í kúkú ṣe ilẹ̀ àjèjì sí Yorùbá: ibẹ̀ ni wọ́n sọ Àjàyí Crowther kalẹ̀ sí ní 1822, nígbà tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú.)

Nílé wa ńkọ́? Lọ́jọ́ tí Kabbah ń padà sórí àga, M.K.O. Abíọ́lá, tí aráàlú dìbò fún ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 1993, ṣì wà ní àtìmọ́lé. Abacha ti tú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ká láti oṣù Kọkànlá ọdún yẹn. Kò sí ibi tí ọmọ Nàìjíríà ti lè sọ pé òun fara mọ́ ogun náà tàbí òun kò fara mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ owó rẹ̀ ni wọ́n ń ná. Iye tí wọ́n sábà ń dá lé e ni mílíọ̀nù 1 dọ́là lójúmọ́. Mo jókòó, mo ṣírò rẹ̀. Ní 1998, owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ débi pé àgbá kan kò ju nǹkan bí dọ́là 13 lọ. A ní láti ta nǹkan bí àgbá 77,000 lójoojúmọ́ fún ogun yẹn nìkan, ká tó ra ṣọ́ọ̀kì kan fún ilé ẹ̀kọ́.

Ẹ̀mí kò ṣeé ṣírò bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní 1999, àwọn ọlọ̀tẹ̀ ya wọ Freetown. Bàbá Sójà kì í sọ̀rọ̀ oṣù yẹn. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé mẹ́ta nínú àwọn tí àwọn jọ wọkọ̀ lọ kò bá àwọn bọ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni èyí tó tẹ̀lé e. Abacha ti kú ní oṣù Kẹfà 1998. Ní 1999, àwọn olóṣèlú tún ní láti wá ojúrere olùdìbò, kíkó ọmọ ogun wálé sì di ọ̀rọ̀ ìpolongo. Ọbásanjọ́ gorí oyè ní oṣù Karùn-ún. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, ó sọ fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pé ẹrù Sàró ń gbẹ Nàìjíríà lápò. Kí ọdún 2000 tó dé ìdajì, ECOMOG ti kúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ nínú àwọn ọmọ ogun wa dúró lábẹ́ àsíá Àjọ náà. Ìjọba tí kò jẹ́ ká dìbò ló lọ jà fún ìbò ẹlòmíràn. Nígbà tí àwa náà rí ìbò dì, ogun náà kò rí alátìlẹ́yìn mọ́.

Èmi kò lè sọ pé kò yẹ kí wọ́n lọ, nítorí àwọn obìnrin tó ń jó yẹn. Mo bi Bàbá Sójà bóyá ẹnikẹ́ni bi wọ́n léèrè kí wọ́n tó lọ.

"Ta ní ń bi sójà?" Wọ́n wá nawọ́ sí bàbá mi tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. "Bi àbúrò mi yìí. Òun ló ń sanwó orí."

Bàbá mi mi orí.