Lullaby Trust: Àjọ Tí Ikú Ìkókó Bí

Lullaby Trust ni àjọ aláàánú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń gbógun ti ikú òjijì tó ń pa ìkókó lójú oorun, tó sì ń dúró ti òbí tí irú ikú bẹ́ẹ̀ já ọmọ gbà lọ́wọ́ wọn. Ìkókó tí à ń wí yìí kò ṣàìsàn. Ó mu ọmú yó, wọ́n tẹ́ ẹ sùn, ilẹ̀ mọ́, kò jí mọ́. Wọ́n yẹ òkú wò, wọ́n yẹ ibi tó sùn sí wò, síbẹ̀ wọn kò rí ohun tó pa á. Ọdún 1969, níbi àpérò kan ní Seattle ní Amẹ́ríkà, ni àwọn oníṣègùn fẹnu kò lórí orúkọ tí wọ́n ń pè é títí di òní, SIDS. Láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹrin lẹ́yìn ìbí ló wọ́pọ̀ jù. Bí ọmọ bá ti pé oṣù mẹ́fà, ewu rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ púpọ̀.

Ọdún 1971 ni wọ́n dá àjọ náà sílẹ̀, Foundation for the Study of Infant Deaths sì ni orúkọ rẹ̀ títí di 2013. Nancy Hunter-Gray, ìyá àgbà tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ kú lọ́nà yìí, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀; Lady Limerick dara pọ̀ mọ́ ọn, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé iṣẹ́ náà ró. Lára owó tí àwọn òbí tó ń ṣọ̀fọ̀ ń dá jọ ni wọ́n ti ń ran àwọn olùwádìí lọ́wọ́, nígbà tí ẹni tó ń wá ìdí ikú yìí kò tíì pọ̀.

Ohun tí ìwádìí hú jáde kò dùn gbọ́ létí àwọn oníṣègùn. Láti àárín ọ̀rúndún ogún ni ọ̀pọ̀ dókítà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti ń sọ fún ìyá ọmọ pé kí ó dojú ọmọ bolẹ̀ bí ó bá ń tẹ́ ẹ sùn, kí èébì má baà há a lọ́fun. Ìwé Benjamin Spock, tí àìmọye òbí fi tọ́ ọmọ, sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ìmọ̀ràn yẹn gan-an ló ń pa ọmọ. Ní 1990, Peter Fleming àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bristol gbé ìwádìí jáde nínú British Medical Journal: ewu tó wà lórí ọmọ tó dojú bolẹ̀ sùn ju ìlọ́po mẹ́jọ ti ọmọ tí kò sùn bẹ́ẹ̀ lọ, aṣọ tó nípọn jù sì tún ń dá kún un. Holland ti ń kìlọ̀ láti 1987, New Zealand náà sì ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Èyí tó dunni jù ni ohun tí Ruth Gilbert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ní 2005. Wọ́n tú ìwádìí àtijọ́ yẹ̀wò, wọ́n rí i pé ẹ̀rí ti wà nílẹ̀ láti 1970, àti pé ká ní ẹnì kan kó o jọ, kó kà á pọ̀, ìkókó tó lé ní 10,000 ni kò ní kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Ẹni tó bá ń ka ìtàn àjọ yìí kò gbọdọ̀ fo ibẹ̀ yẹn.

Ní oṣù keje 1991, Anne Diamond, gbajúmọ̀ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí tẹlifíṣàn, pàdánù ọmọkùnrin rẹ̀ lọ́nà yìí. Ó gbéra lọ sí New Zealand láti fojú ara rẹ̀ rí ohun tí wọ́n ń ṣe. Nígbà tó padà dé, kò jẹ́ kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sinmi. Oṣù kejìlá ọdún náà ni ìpolongo Back to Sleep bẹ̀rẹ̀. Àjọ náà wà nídìí rẹ̀, Anne Diamond ló sì fara hàn nínú ìpolówó rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kò ta kókó: ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Láàárín ọdún kan, iye ọmọ tó ń kú fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Títí di àkókò yìí, ó ti fi ohun tó lé ní ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún dín kù. Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìpolongo tirẹ̀ ní 1994. Kò sí oògùn tuntun kankan nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ní 1994, ètò tẹlifíṣàn kan dá jìnnìjìnnì sílẹ̀ pé gáàsì olóró ń jáde lára fóòmù ọmọ. Lady Limerick ló darí ìgbìmọ̀ tó wádìí rẹ̀, ìròyìn wọn ní 1998 kò sì rí ẹ̀rí kankan.

Ní ti ìtùnú, àjọ náà ní nọ́ńbà tẹlifóònù tí òbí lè pè, àwọn òbí tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí, tí wọ́n ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, sì máa ń bá ẹni tuntun sọ̀rọ̀. Láti 1988 ni ètò CONI ti wà fún ìyá tó bá tún lóyún: nọ́ọ̀sì á máa wá sílé, á máa wọn ọmọ, wọ́n sì lè fún òbí ní ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ èémí rẹ̀. Ìdí pàtàkì wà fún irú ìdúrótì bẹ́ẹ̀. Ní 1999, ilé ẹjọ́ ní England dá Sally Clark lẹ́bi pé ó pa ọmọ rẹ̀ méjì. Dókítà Roy Meadow ti sọ níbẹ̀ pé kí irú ikú yìí wọ irú ilé ti Clark lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni nínú mílíọ̀nù 73. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ní irọ́ ni, nítorí ohun tó pa ọmọ kìn-ín-ní lè wà lára èkejì. Wọ́n tú Clark sílẹ̀ ní 2003. Ó kú ní 2007.

Ìyá Yorùbá mọ irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ dáadáa, bí kò tilẹ̀ dé kọ́ọ̀tù. Wọ́n lè ní àbíkú ni, wọ́n lè ní ayé ló ṣe é, wọ́n sì lè ní ọwọ́ ìyá ọmọ kò mọ́. (Àwọn onímọ̀ kan ti so ọ̀pọ̀ ìtàn àbíkú mọ́ àrùn fòníkú-fọ̀ládìde, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ìyẹn, ọ̀tọ̀ ni ikú ojú oorun.) Ẹni tó wá kí i á ní omi ló dànù, agbè ò fọ́, á sì ní kó má sunkún mọ́. Ìkíni tó dára ni, àmọ́ kì í jẹ́ kí ìyá lè dárúkọ ọmọ tó lọ.

Ibì kan wà tí ẹnu àwọn onímọ̀ kò tíì kò: ṣé kí ìyá àti ọmọ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà? Ní 2013, Robert Carpenter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ó léwu fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, kódà bí òbí kò bá mu sìgá tàbí ọtí. Ní 2014, ẹgbẹ́ Peter Blair ní bí kò bá ti sí sìgá, ọtí tàbí àga onítìmùtìmù níbẹ̀, àwọn kò rí ẹ̀rí tó dájú pé ewu náà pọ̀ sí i. Ó jọ pé bí oníkálukú ṣe ka àkọsílẹ̀ tí kò pé ló fa ìyàtọ̀ náà. Àjọ náà gbà pé kí ọmọ ní ibùsùn tirẹ̀ nínú yàrá òbí fún oṣù mẹ́fà ló dára jù, ṣùgbọ́n kì í bá ẹni tó ń gbé ọmọ sùn tira jà. Ó ń kọ́ ọ pé kí ó kó ìrọ̀rí àti bùláńkẹ́ẹ̀tì kúrò nítòsí ọmọ. Ó kọ̀ jálẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má sùn ti ọmọ lórí àga onítìmùtìmù: ó ní ewu ibẹ̀ lè tó ìlọ́po àádọ́ta.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ìdímù náà ní Alímọ̀ṣọ́, ní Èkó, níbi tí ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń gbé yàrá kan ṣoṣo, tí bẹ́ẹ̀dì kò sì ju ẹyọ kan lọ. Àjọ náà ní kí yàrá ọmọ wà láàárín 16 sí 20 °C; Èkó kò mọ irú òtútù bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ọmọ-ọwọ́ ń wọ súwẹ́tà, fìlà àti sọ́ọ̀kì nínú ooru. Ìwádìí ìjọba ní 2018 ní ọmọ 67 nínú 1,000 ni kì í pé ọdún kan ní Nàìjíríà. Ìbí oṣù tí kò pé, ibà àti òtútù àyà wà lára ohun tí a mọ̀ pé ó ń pa wọ́n. Ikú ojú oorun kì í fara hàn níbi tí a kì í ti í yẹ òkú ìkókó wò kí a tó sin ín.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá ni wọ́n ń gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tàbí ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìgándò. Àkókò tí ikú yìí ń sún mọ́ ṣóńṣó rẹ̀ náà nìyẹn, ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń di ẹ̀bi ru abẹ́rẹ́. Ìwádìí kò fi ìdí ẹ̀sùn yẹn múlẹ̀, àwọn ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ kì í sì í kú ikú yìí tó àwọn tí kò gbà á. Kí nọ́ọ̀sì tó di abẹ́rẹ́ mú lọ́jọ́ náà bi ìyá ọmọ léèrè bí ọmọ ṣe ń sùn àti ohun tó wà nítòsí orí rẹ̀.