Igbà: Okùn tí ó Gbé Òwò Epo Ró

Bí olùkọ́ bá fẹ́ fi han àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ bí ohùn ti ṣe pàtàkì tó nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ mẹ́rin kan wà tí ó sábà máa ń kọ sí ojú pátákó: igbá, igba, ìgbà, àti igbà. Ọmọ tí ó kéré jù lọ mọ igbá tí ìyá rẹ̀ fi ń bu omi. Ó mọ igba gẹ́gẹ́ bí iye. Ó sì mọ ìgbà òjò yàtọ̀ sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan ọ̀rọ̀ kẹrin, kíláàsì a dákẹ́. Olùkọ́ a ní, "Okùn tí a fi ń gun ọ̀pẹ ni," a sì tẹ̀ síwájú. Ọ̀rọ̀ tí a ń yára kọjá bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí a dúró tì díẹ̀, nítorí pé láìsí okùn náà, ìtàn ilẹ̀ wa láti igba ọdún sẹ́yìn kì bá tí rí bí ó ti rí.

Ọ̀pẹ kò jọ ìrókò tàbí igi ọsàn. Àwọn tí ń gun igi ní ìlú Òyìnbó lónìí a máa so okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ àpò kékeré tí a kó iyanrìn tàbí òjé sínú rẹ̀. Wọn a jù ú kọjá lórí ẹ̀ka tí ó lágbára, wọn a sì fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ náà fa okùn ńlá gòkè. Ọgbọ́n náà dára, ṣùgbọ́n kò wúlò lára ọ̀pẹ. Ẹ̀ka wo ni a ó ju okùn kọ́? Orí nìkan ni ọ̀pẹ ní imọ̀ sí. Ara rẹ̀ nà gbọnrangandan bí òpó, èyí tí ó sì ti dàgbà nínú igbó lè ga ju ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà lọ. Nítorí náà àwọn baba wa kò ju okùn sókè. Wọ́n fi okùn yí igi àti ènìyàn ká pọ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí yóò lò ó ni igbà sábà máa ń jẹ́. Akọpẹ a wá ìtàkùn igbó tí ó yi, tí kì í dá bí a bá ká a. Pànkẹ́rẹ́, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé mọ̀ ju bí wọ́n ti fẹ́ lọ, jẹ́ ọ̀kan nínú irú ìtàkùn bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn a máa bó okùn lára imọ̀ ọ̀pẹ, wọn a lọ́ ọ, wọn a sì hun ún pọ̀ títí yóò fi nípọn tó ohun tí ọwọ́ lè dì mú. Ó gbọ́dọ̀ gùn tó láti yí ìdí igi àti ẹ̀yìn ènìyàn ká, kí àyè díẹ̀ sì kù láàárín wọn. Bí ó bá gùn jù, akọpẹ yóò fì sẹ́yìn jù; bí ó bá kúrú jù, kò ní rí ẹsẹ̀ gbé.

Nígbà tí ó bá dé ìdí ọ̀pẹ, a fi igbà yí igi ká, a mú un gba ẹ̀yìn ara rẹ̀, a sì ta á ní kókó. A fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ara igi, a sì fi ẹ̀yìn ti igbà. Bí ó ti ń fi ẹ̀yìn tì í, bẹ́ẹ̀ ni igbà ń di igi mú. Ìwúwo ara rẹ̀ gan-an ni kò jẹ́ kí ó já. Bí ó bá fẹ́ gòkè, a fa ara súnmọ́ igi, igbà a dẹ̀, a sì fi ọwọ́ méjèèjì jù ú sókè díẹ̀. A tún fi ẹ̀yìn tì í, a sì gbé ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e. Ẹ kíyè sí èyí: nígbà tí igbà bá dẹ̀, ẹsẹ̀ nìkan ni ó kù tí akọpẹ fi dúró. Kò sí ìgbésẹ̀ kan tí ó lè gbé sókè láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ tú ìdè ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá dé orí igi, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì a ṣófo fún àdá tàbí àáké, a sì gé ìdì ẹyìn bọ́ sílẹ̀ bí ẹni tí ó jókòó sórí àpótí.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ láyé. Pliny ará Róòmù, tí ó kú ní ọdún 79 nígbà tí òkè Vesuvius bú gbàmù, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé àwọn ará ìlà-oòrùn a máa hun òrùka yí ara wọn àti igi dàbínù ká, òrùka náà a sì bá ènìyàn gòkè kíákíá. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìwé kan tí a kà sí iṣẹ́ Lucian ará Síríà sọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tí ó ń gun òpó ńlá níwájú tẹ́ḿpìlì báyìí, ó sì ní ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rí àwọn tí ń gun igi dàbínù ní Árábíà tàbí ní Íjíbítì yóò mọ ohun tí òun ń wí. Èyí kò fi hàn pé a kọ́ igbà lọ́wọ́ wọn, tàbí pé wọ́n kọ́ ọ lọ́wọ́ wa. Igi tí kò ní ẹ̀ka ni olùkọ́ gbogbo wọn.

Ṣùgbọ́n níhìn-ín ni igbà ti ru ẹrù tí ó wúwo jù. Ní 1807 ni Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú. Ẹ̀rọ ń pọ̀ sí i ní ìlú wọn. Wọ́n ń wá ọ̀rá tí wọn yóò fi pa irin ẹ̀rọ, àti èyí tí wọn yóò fi ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là. Epo pupa ni wọ́n rí. Ní nǹkan bí 1810, epo tí ó ń wọ ilẹ̀ wọn lọ́dún láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò ju nǹkan bí tọ́ọ̀nù 1,000 lọ. Ní àárín àwọn ọdún 1850, ó ti ju tọ́ọ̀nù 30,000 lọ. Ọ̀rọ̀ òwò ẹrú àti òwò epo ni ó dàpọ̀ mọ́ ara wọn nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó ní 1851 tí a sì lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, àti nígbà tí Dòsùnmú fi ìlú náà lé wọn lọ́wọ́ ní 1861.

Àwọn òpìtàn ti kọ̀wé púpọ̀ nípa ọba, nípa aṣojú ìjọba, àti nípa ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n ka àgbá epo, wọ́n sì ka owó. Ṣùgbọ́n ẹyìn kì í ti orí igi rìn wọ inú àgbá. Yàtọ̀ sí ti àwọn ọ̀pẹ kúkúrú tí ọwọ́ lè tó, ẹnìkan ni ó fi igbà gòkè lọ bá ìdì kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn obìnrin se ẹyìn, tí wọ́n gún un, tí wọ́n fọ epo rẹ̀ jáde, tí wọ́n sì pa èkùrọ́. Kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni ó ṣe é fún ara wọn. Òwò tí a ní yóò gba ipò òwò ẹrú ni ọ̀pọ̀ olóyè àti olówó ilẹ̀ wa fi ẹrú ṣe. Ẹrú ni ó ń gun ọ̀pẹ, ẹrú ni ó sì ń ru epo lọ sí etí òkun. Òtítọ́ kíkorò ni, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi í pamọ́ fún àwọn ọmọ wa.

Nígbà tí ó yá, gígun ọ̀pẹ di iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ń rìn jìnnà lọ ṣe. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, àwọn ará Urhobo wá sí ilẹ̀ Ìkálẹ̀, lápá Òkìtìpupa, wọ́n kọ́ abà sínú igbó, wọ́n sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún àwọn onílẹ̀ kí wọ́n lè kọ ọ̀pẹ tí ó hù níbẹ̀. Igbà wọn ni dúkìá tí wọ́n gbójú lé.

Ewu iṣẹ́ náà kò kéré. Òjò a máa mú ara igi yọ̀. Ejò àti agbọ́n a máa ba sáàárín imọ̀. Àdá tí a fi ń gé imọ̀ lè ṣèèṣì gé igbà. Adẹ́mu ń gùn ní òwúrọ̀, ó tún ń gùn ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn àgbà ní ikú ogun ní í pa akíkanjú, ikú odò ní í pa òmùwẹ̀. Akọpẹ pẹ̀lú mọ ibi tí tirẹ̀ wà. Ìwé Amos Tutuola tí ó jáde ní 1952, tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú adẹ́mu kan tí ó já láti orí ọ̀pẹ tí ó sì kú. Òǹkàwé ilẹ̀ òkèèrè lè ka èyí sí àlọ́ lásán. Ẹni tí ó dàgbà ní abúlé wa mọ̀ pé irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Nítorí náà ni akọpẹ tí ó gbọ́n fi ń yẹ igbà rẹ̀ wò kí ó tó gùn: a fi ọwọ́ pa á láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, a wò bóyá ó ti jẹrà tàbí ó ti gbó níbi tí ó ń fi ara ha igi, a sì fà á gírígírí nílẹ̀. Kì í fi ojú àná wo igbà òní.

Kí ni ó wá mú igbà rẹ̀yìn? Ní 1848 a gbin ọ̀pẹ mẹ́rin láti Áfíríkà sínú ọgbà kan ní Bogor, ní erékùṣù Jáfà. Àwọn ọmọ inú wọn ni a gbìn ní oko ńláńlá ní Sumatra láti 1911, àti ní Màléṣíà láti 1917. Ní ọdún 1911 kan náà ni William Lever, oníṣòwò ọṣẹ, rí ilẹ̀ gbà ní Kóńgò, lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti kọ̀ láti fún un ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọ̀pẹ inú oko wọ̀nyẹn ni a gbìn ní ẹsẹẹsẹ, a kì í sì jẹ́ kí wọ́n ga jù kí a tó hú wọn. Láti ilẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ti ń fi dòjé orí ọ̀pá gígùn ré ẹyìn wọn. Níhìn-ín, a bẹ̀rẹ̀ ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ lẹ́bàá Benin ní 1939, ṣùgbọ́n ọ̀pẹ igbó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń gùn. Ní àárín àwọn ọdún 1960, Màléṣíà gba ipò iwájú lọ́wọ́ Nàìjíríà nínú títa epo sí òkè òkun. Igbà nìkan kọ́ ni ó fà á. Owó tí kò tó nǹkan tí a ń san fún àwọn àgbẹ̀ wà nínú rẹ̀, ogun tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní 1967 sì tún dá kún un. Síbẹ̀, ẹni tí ó dúró sórí ilẹ̀ yóò ré ìdì púpọ̀ kí ẹni tí ó wà nínú igbà tó sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Èmi kò sọ pé kí àwọn ọmọ wa padà lọ gun ọ̀pẹ. Kò sí ìyá tí yóò kábàámọ̀ bí ọmọ rẹ̀ bá dúró sílẹ̀ ré ẹyìn. Ohun tí mo ń wí ni pé bí iṣẹ́ bá lọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a tẹ̀ lé e, ìtàn tí ọ̀rọ̀ náà gbé dání a sì bá a lọ. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ẹ bá tún kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin wọ̀nyẹn sí ojú pátákó, ẹ má yára kọjá ìkẹrin. Ẹ rán àwọn ọmọ lọ bá àgbàlagbà tí ó ti gun ọ̀pẹ rí. Kí wọ́n bi í léèrè irú ìtàkùn tí ó lò, bí ó ti ta kókó rẹ̀, àti ẹni tí ó kọ́ ọ. Kí wọ́n kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Nítorí àwọn tí ó ka àgbá epo ní etí òkun kò kọ orúkọ irú rẹ̀ sí ibì kankan.