Ta Ni Ó Kọ Ìwé Ifá?

Ìlú kan ṣoṣo ni Ilé-Ifẹ̀, ṣùgbọ́n láti 1967, tí Yunifásítì Ifẹ̀ ti kó kúrò ní Ìbàdàn wá sórí ilẹ̀ tirẹ̀, oríṣi olùkọ́ Ifá méjì ni ó ń gbé inú rẹ̀. Àwọn kan wà ní Òkè Ìtasẹ̀, níbi tí ilé Àràbà, olórí awo Ifẹ̀, wà, tí wọ́n gba Ifá lẹ́nu àgbà tí wọ́n sì ń fi ẹnu kọ́ ọmọ awo. Àwọn kejì wà ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ń gba ohùn sílẹ̀, wọ́n ń tẹ ìwé. Bí a ti sábà ń pa ìtàn àwọn méjèèjì pọ̀ ni pé Ifá ti fẹ́ẹ̀ parun kí àwọn ọ̀mọ̀wé tó fi ìwé yọ ọ́ nínú ewu. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ifá ti ní ọ̀nà tirẹ̀ láti tọ́jú ọ̀rọ̀ àti láti fi iyì fún ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀, kí bébà tó dé ilẹ̀ yìí. Ìwé tí ó bá tọ ọ̀nà yẹn ni ó dúró dáadáa. Èyí tí ó yà kúrò níbẹ̀ ti ṣẹ Ifá fúnra rẹ̀, bí ó ti wù kí ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ jinlẹ̀ tó.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí babaláwo ṣe ń ṣe é lórí ẹní. Ikin mẹ́rìndínlógún wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, ó fi èkejì já wọn gbà. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́kù, ojú méjì ni yóò fi ìka tẹ̀ sínú ìyẹ̀rọ̀sùn lórí ọpọ́n. Bí méjì bá ṣẹ́kù, ojú kan. Bí kò bá ku nǹkan kan, tàbí tí ó ku ju méjì lọ, kò ní tẹ nǹkan kan, yóò tún ikin já. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe títí mẹ́rin yóò fi pé lápá ọ̀tún, tí mẹ́rin yóò sì pé lápá òsì, tí ọ̀kan nínú igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta odù yóò fi jáde. Ìgbà yẹn ni yóò tó la ẹnu. Nínú ẹsẹ tí ó pé, orúkọ awo tí ó dífá ni ó máa ń ṣíwájú. Lẹ́yìn náà ni “a díá fún” yóò tẹ̀ lé e, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí a dá a fún, ohun tí ó ń dà á láàmú, ẹbọ tí wọ́n ní kí ó rú, bóyá ó rú u tàbí kò rú u, àti ohun tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ kíyè sí ibi tí orúkọ awo wà. Kí a tó gbọ́ ìṣòro, kí a tó gbọ́ ẹbọ, a ti gbọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ti ẹnu rẹ̀ jáde.

Ẹnì kan lè sọ pé àwọn orúkọ wọ̀nyẹn kì í ṣe orúkọ ènìyàn, pé òwe ni òmíràn, pé gbólóhùn ọ̀rọ̀ lásán ni òmíràn. Lóòótọ́ ni, púpọ̀ nínú wọn kò jọ orúkọ tí à ń sọ ọmọ lọ́jọ́ kẹjọ. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá, ìgbà wo ni orúkọ àbísọ nìkan fi jẹ́ orúkọ? Oríkì ni a fi ń mọ ọba, àlàjẹ́ ni a fi ń mọ ọlọ́jà. Awo tí òwe kan bá ti di ohun ìdánimọ̀ rẹ̀, òwe náà ti di orúkọ rẹ̀. Àní bí a bá tilẹ̀ gbà pé orúkọ kan kò bá ẹnikẹ́ni mu mọ́, àyè tí ó wà nínú ẹsẹ kò yẹ̀: a kì í sọ̀rọ̀ Ifá bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà já bọ́ láti ojú ọ̀run.

Òdiwọ̀n yìí ni mo fẹ́ fi wọn àwọn tí ó ti kọ Ifá sínú ìwé. Ẹni Ìjọ Áńgílíkà ni E. M. Líjàdù tí ó ṣe ìwé Ọ̀rúnmìlà ní 1908. Ó wá ìmọ́lẹ̀ nínú Ifá kí ó lè fi la ọ̀nà fún Ìhìnrere, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹlẹ́gàn. William Bascom ará Amẹ́ríkà wá sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1937, ó gbọ́ ẹsẹ lẹ́nu àwọn babaláwo ìlú, ó sì kọ nípa ètò àwọn Awóni, awo mẹ́rìndínlógún ti Ọọ̀ni, tí Àràbà jẹ́ olórí wọn tí Àgbọ̀ngbọ̀n tẹ̀ lé e. Ìwé ńlá tí ó ti ibẹ̀ wá kò jáde àfi 1969. Ẹni tí ó ti di àgbà awo nígbà tí Bascom dé, yóò ṣòro kí ó tó bá ìwé náà láyé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé rẹ̀ mìíràn lórí ẹẹ́rìndínlógún, ìyẹn dídá owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún, tí ó jáde ní 1980. Níbẹ̀ ó sọ ní gbangba pé ẹnu Sàlàkọ́, olórìṣà kan ní Ọ̀yọ́, ni òun ti gba àwọn ẹsẹ náà ní 1951, ó sì sọ irú ẹni tí Sàlàkọ́ jẹ́. Ìwé yẹn sún mọ́ ìṣe Ifá ju gbogbo àlàyé ìjìnlẹ̀ lọ.

Wándé Abímbọ́lá ni ó so okùn méjèèjì, ti ẹnu àti ti ìwé, pọ̀. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, òun ni ó kọ́kọ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Èkó, ó sì di Gíwá Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1982. Ní 1981 Ọọ̀ni ti fi í jẹ Àwíṣẹ Awo Àgbáyé, lẹ́yìn tí àwọn babaláwo ti fọwọ́ sí i. Èdè Yorùbá ni ó fi kọ Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní 1968, èyí tí ó túmọ̀ sí pé awo tí ó bá mọ̀wé kà lè yẹ̀ ẹ́ wò kí ó sì jà á níyàn. Ó sì dárúkọ àwọn olùkọ́ rẹ̀, àwọn bíi Oyèdélé Ìṣọ̀lá ti Pàákòyí ní Ọ̀yọ́ àti Ifátóògùn ti Ìlobùú. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: Oyèdélé kò lè gbé ohùn rẹ̀ dé ibi tí ìwé gbé e dé, Abímbọ́lá náà kò sì ní ohun tí yóò kọ bí kò bá sí Oyèdélé. Ta wá ni òǹkọ̀wé nínú àwọn méjèèjì? Mo ní àwọn méjèèjì ni.

Ọdún 1981 yẹn kan náà ni àpérò àgbáyé àkọ́kọ́ lórí ìṣẹ̀ṣe òrìṣà wáyé ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ó sì jẹ́ ọdún tí Ọọ̀ni Ṣíjúwádé ní kí àwọn ìjòyè Ifẹ̀ dé Efuntola Adefunmi ládé. Detroit ni wọ́n bí Adefunmi sí, ó wọ òrìṣà ní Kúbà ní 1959, òun ni ó sì dá abúlé Ọ̀yọ́túnjí sílẹ̀ ní South Carolina ní 1970. Pierre Verger, ọmọ Faransé tí ó ń ya fọ́tò, di babaláwo ní Kétu ní 1953, ó gba orúkọ Fátúmbí, ó sì ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ lẹ́yìn náà. FAMA, ọmọbìnrin ilẹ̀ wa tí ó tẹ̀dó sí Kalifọ́níà, tẹ ìwé lórí ẹ̀sìn Yorùbá jáde ní 1993. Àwọn kan ń bínú sí èyí: wọ́n ní àlejò àti obìnrin ti wọ ibi tí kì í ṣe tiwọn. Ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe lásán, nítorí ẹni tí ó ra ìwé méjì lè jí lọ́la kí ó pe ara rẹ̀ ní awo. Ṣùgbọ́n a lè bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìbéèrè tí à ń bi ọmọ Òkè Ìtasẹ̀: ta ni ó tẹ̀ ọ́, lọ́dọ̀ ta ni o ti kọ́ ọ? Ẹni tí ó bá ní ìdáhùn, ibi tí wọ́n bí i sí kò ṣe pàtàkì lójú mi. Ẹni tí kò bá ní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ inú ilé Àràbà ni wọ́n ti bí i, ó ku díẹ̀ káàtó.

Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ti bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé tipẹ́. Ẹnu ni ẹ̀kọ́ wọn fi wà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí àwọn àlùfáà tó kọ ọ́ sílẹ̀ ní Sri Lanka, láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó ṣáájú ìbí Jésù. Títí di òní, ẹni tí ó ń ka ẹ̀kọ́ náà máa ń kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé òun gbọ́ ọ ni, yóò sì dárúkọ ìlú tí Búdà wà nígbà náà. Lóde òní àwọn olùkọ́ wọn kò jọra rárá. Thich Nhat Hanh ọmọ Vietnam dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Faransé ní 1982. Pema Chödrön, obìnrin ará Amẹ́ríkà, ń kọ ìwé tí ènìyàn kárí ayé ń kà. Ìyàtọ̀ wọn kò fọ́ ẹ̀sìn náà, nítorí pé a lè dárúkọ ọ̀gá tí ó kọ́ oníkálukú wọn.

Àtakò kan kù tí ó wúwo jù. Àwọn kan ní Ọ̀rúnmìlà ni ó ni Ifá, kì í ṣe Sàlàkọ́, kì í ṣe Oyèdélé, pé ẹni tí ó bá ń wá orúkọ ń wá ohun ìní sórí ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ayé. Mo gbà pé kò sẹ́ni tí ó ni odù. Ṣùgbọ́n pé ẹnì kan kò ni ọ̀rọ̀ kò ní kí a má sọ ẹni tí ó fi ogún ọdún kọ́ ọ sórí tí ó tún jókòó ka gbogbo rẹ̀ fún ẹni tí ó mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn wá. Nígbà tí UNESCO ka Ifá mọ́ àwọn ohun ìyanu àjogúnbá ẹnu ènìyàn ní 2005, ẹnu ni wọ́n bu ọlá fún. Bẹ́ẹ̀ orúkọ onílé tẹ̀wétẹ̀wé àti ti ọ̀mọ̀wé ni ó ń kún èèpo ẹ̀yìn ìwé. Ìtẹ̀jáde tuntun ń bọ̀ fún àwọn ìwé àtijọ́, ojú ewé àkọ́kọ́ wọn sì ní àyè tí ó pọ̀ tó. Ibẹ̀ ni kí a kọ orúkọ awo sí, ṣáájú ti ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀, bí ẹsẹ Ifá ti ń ṣe é.