Ilé Àtijọ́ ní Kúdẹtì: Ká Tún Un Ṣe àbí Ká Wó O?

Ilé alámọ̀ ẹbí tó ti ń là yìí, ká tún un ṣe ni àbí ká kọ́ tuntun?

Lọ́dún 1853, David Hinderer, míṣọ́nnárì CMS, àti Anna ìyàwó ẹ̀ fìdí kalẹ̀ sí Kúdẹtì. Amọ̀ ni wọ́n fi kọ́lé, òun sì làwọn ará Ìbàdàn ń pè ní pẹ́tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ nílùú. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀ ní 1860, ọ̀nà Èkó dí, owó wọn tán, síbẹ̀ wọn ò fi Ìbàdàn sílẹ̀ pátápátá àfi ní 1869.

Amọ̀ kì í pa ilé o. Omi ló ń pa á. Òrùlé á jò, ìdí ògiri á rin, ó parí. Símẹ́ǹtì tí wọ́n sì ń rẹ́ mọ́ amọ̀ kì í jẹ́ kí ọ̀rinrin jáde. Tó bá yá, á bọ́ tòun tamọ̀.

Pẹ́tẹ́ẹ̀sì Badagry ti 1845 ṣì wà. Ilojo Bar l'Ékòó, tí ìjọba kéde ní ohun ìrántí ní 1956, wọ́n wó o ní 2016.

Àwa tó ń kọ kóòdù mọ̀ pé èyí tó burẹ́wà jù máa ń nídìí. Ilé ẹbí náà nìyẹn. Tá a bá wó o, ta ló ni yàrá wo nínú tuntun? Àwọn tí wọ́n sin sínú ilé ńkọ́?

Lójú tiwa, páànù àti gọ́tà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ náwó lé. Ẹ jẹ́ kí òjò kan kọjá. Ògiri tó bá ṣì ń ya, ìyẹn nìkan ni kẹ́ ẹ wó.