Nígbà Tí Kámẹ́rà Dì: Ẹ̀kọ́ Ọdún 2016

Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ìtàn kámẹ́rà kọ̀ǹpútà jẹ́rìí sí òwe yìí.

Ní 1991, ní Yunifásítì Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà gbé kámẹ́rà kọjú sí ìkòkò kọfí kan, kí wọ́n lè mọ̀ láti ìdí iṣẹ́ wọn bóyá kọfí ṣì kù. Quentin Stafford-Fraser àti Paul Jardetzky ló kọ ètò rẹ̀. Ètò kan ń gba àwòrán lọ́wọ́ kámẹ́rà, ó sì ń pín in fún àwọn yòókù. Ní 1993, àwòrán náà dé orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ní oṣù Kẹjọ 2016, Microsoft gbé àtúnṣe ńlá jáde fún Windows 10. Tẹ́lẹ̀, ètò tó bá kọ́kọ́ di kámẹ́rà mú ló ni ín. Wọ́n wá fi alárinà kan sáàárín, kí ètò méjì lè jọ lo kámẹ́rà kan. Èrò rere ni, ó sì jọ ti Cambridge. Ṣùgbọ́n alárinà yìí kò jẹ́ kí àwòrán tí kámẹ́rà ti fún pọ̀ ní ọ̀nà MJPEG tàbí H.264 dé ọwọ́ àwọn ètò mọ́. Àwòrán Skype dì lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kámẹ́rà kò bàjẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì fọwọ́ kan kóòdù.

Àwọn tó yanjú rẹ̀ kò tú kámẹ́rà palẹ̀. Wọ́n bi ara wọn pé: kí ló yí padà láàárín àná àti òní? Wọ́n rí i pé bí a bá kọ EnableFrameServerMode sínú ìwé ètò Windows, tí a sì fi òdo sí i, ọ̀nà àtijọ́ yóò ṣí. Lẹ́yìn náà, Microsoft fúnra rẹ̀ ṣe àtúnṣe.

Ní 2018, Apple náà pàṣẹ nínú macOS Mojave pé kí ètò gba àṣẹ lọ́wọ́ oníkọ̀ǹpútà kó tó lo kámẹ́rà. Kóòdù tí kò sọ ìdí tó fi fẹ́ ẹ kò ráyè wọlé.

Àwọn kan ní kí á má gba àtúnṣe rárá. Èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí àtúnṣe ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ olè. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà yìí la fi ń kẹ́kọ̀ọ́, òun náà la fi ń rí ẹ̀gbọ́n wa tó wà lókè òkun. Nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ yí ọ̀nà padà kéde rẹ̀ ṣáájú. Kí ẹni tó ń kọ kóòdù náà máa béèrè irú àwòrán tó wà, kó má ṣe rò pé ti àná ló ṣì wà níbẹ̀.