Orúkọ fún Àrùn Inú Ilẹ̀ Tí Garrett Kẹ́kọ̀ọ́ Rẹ̀

Fa àlìkámà tí àrùn yìí mú tu, wàá rí i pé gbòǹgbò rẹ̀ ti ṣú dùdù. Ṣírí rẹ̀ á funfun báláú, kò ní sí ọmọ nínú. Àwọn àgbẹ̀ gúúsù Ọsirélíà, tí wọ́n mọ bó ṣe ń kó oko lọ, sọ ọ́ ní take-all. Ní Yorùbá, akótán bá a mu wẹ́kú.

Ibẹ̀ náà, ní ilé ìwádìí Waite ní Adelaide, ni Denis Garrett, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ipasẹ̀ rẹ̀ ní 1929. Ó bá a dé Rothamsted, ó bá a dé Cambridge. Ìwé rẹ̀ lórí àwọn olú tó ń ba gbòǹgbò jẹ́ jáde ní 1956.

Ẹni tó bá fẹ́ ròyìn iṣẹ́ yìí ní Yorùbá, kó má wulẹ̀ dá kòkòrò àrùn lárúkọ. Kòkòrò lẹ́sẹ̀. Olú ni akótán, ìbátan èyí tó ń hù lórí ọ̀gán, àmọ́ fọ́nrán dúdú tín-ín-tín ló fi ń rìn lára gbòǹgbò.

Ẹ̀dá tó ń jẹ lára alààyè ti lórúkọ tipẹ́: àfòmọ́. Àgbẹ̀ kòkó ń gé e kúrò lórí igi. Àwọn onígírámà náà ti yá a lò, kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Èyí tó ń jẹ òkú ewéko ni iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ajòkú nìkan kò tó, torí Garrett ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Àwọn olú kan lè bá ẹgbẹ́ wọn du òkú tuntun nínú ilẹ̀. Akótán kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Inú àgékù àlìkámà tó ti pa ló ń gbé, tó ń ṣọ́ àjẹkù rẹ̀. Nítorí náà, ìdu-òkú ọ̀tọ̀, ìṣọ́-àjẹkù ọ̀tọ̀. Ìyàtọ̀ yìí ló jẹ́ kí àgbẹ̀ mọ ìdí tí gbígbin nǹkan mìíràn sórí ilẹ̀ náà fi ń ṣiṣẹ́: àjẹkù á tán, ebi á sì pa akótán.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù, èyí tí Garrett fi ń wọn ipá tí olú ní láti wọ ara irúgbìn. “Irúgbìn àrùn” á ṣi èèyàn lọ́nà, torí iye kọ́ ló ń wí, agbára ni. Okun ìkọlù ló yẹ. Bí àpẹẹrẹ, olú kan wà tó ń pa igi: fọ́nrán rẹ̀ tó ki, tó ti inú kùkùté ńlá wá, tí oúnjẹ wà lẹ́yìn rẹ̀, lè gún èèpo gbòǹgbò wọlé, àmọ́ èyí tó wá láti ara ẹ̀ka kékeré sábà máa ń kú síta.